Oògùn Ibà ní Thamesmead

Mi ò tíì wọ ilé ọmọ Yorùbá kan ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kí n má bá oògùn ibà níbẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ni wọ́n máa ń fi sí, pẹ̀lú bátìrì àti ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá ti ilé dé ló ń kó o bọ̀ nínú àpótí, láàárín ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ, á sì pín in kiri bí ẹni ń ṣe sàárà. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, páálí mẹ́rin ló wà nínú dúrọ́ọ̀ tiwa. Bẹ́ẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ti dé Nàìjíríà gbẹ̀yìn.

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Kíláàsì àwọn àgbàlagbà ní Woolwich ni mo ti kọ́ ọ, lẹ́yìn iṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni gbígbá àti nínu ilé dókítà kan, níbi tó ti ń gba aláìsàn, nítòsí Shooters Hill. Bébà ńlá kan nípa fúlù, àìsàn tó máa ń jà níbí nígbà òtútù, wà lára ògiri níbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Àràárọ̀ ni mo ń nu gíláàsì iwájú rẹ̀, àràárọ̀ ni mo sì ń fi í kọ́ ìwé kíkà, gbólóhùn kan lóòjọ́, títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò le. Ọ̀fìnkìn lásán máa ń rọra wọlé ni: ọ̀fun á máa yún ọ lónìí, imú á máa dà lọ́la, wàá ṣì lè lọ síbi iṣẹ́ bí o tilẹ̀ ń ráhùn. Fúlù kì í kan ilẹ̀kùn. O lè jẹun ọ̀sán tán pẹ̀lú ara líle, kí o má lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nírọ̀lẹ́. Ara á gbóná, gbogbo oríkèé á máa ro ọ́, wàá máa gbọ̀n. Arúgbó, aláboyún àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ tètè pe dókítà, torí oògùn tí wọ́n lè fún wọn, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló wúlò jù. Bí ara bá ti fẹ́ yá, tó tún wá ń gbóná padà, tí èémí ń yára, tí àyà ń dùn, ó lè jẹ́ pé òtútù àyà ti wọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò.

Ìyàwó mi ní àtọ̀gbẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, kò lè bọ́ èkejì. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé fúlù ni. Mo ní kí á pe dókítà.

Ìgbà yẹn ni Alàgbà dé pẹ̀lú àwọn ará ìjọ kan tí ìyàwó mi ti pè. Àgbà ìjọ wa ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó ti bá wọn ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn rí, nítorí náà "Dókítà" ni àwọn ará ìjọ ń pè é. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí ìyàwó mi.

"Ibà ẹ̀fọn ni. Ṣé ẹ ò rí gbogbo adágún omi tó wà ní Thamesmead yìí ni? Ẹ̀fọn kún ibẹ̀."

Mo ní ẹ̀fọn ibí kì í fún èèyàn ní ibà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbejì! ABC tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lánàá, ẹ ti fẹ́ fi di dókítà?"

Gbogbo àwọn tó bá a wá ló rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo dákẹ́, mi ò sì pe dókítà mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàwó mi fi ń gbé oògùn ibà mì pẹ̀lú omi àdúrà. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní ara òun fúyẹ́, Alàgbà sì dúpẹ́ nínú ìjọ. Lọ́jọ́ kẹfà mo pe ambúláǹsì. Wọ́n ní òtútù àyà ti gba ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Kò padà wálé. Oògùn ibà kọ́ ló pa á. Àwọn ọjọ́ tó gbà lọ́wọ́ wa ni. Níbi ìsìnkú, Alàgbà ní àkókò rẹ̀ ló tó. Mo bá wọn ṣe àmín.

Ìyá ìyàwó mi, tí à ń pè ní Mummy, ń gbé lọ́dọ̀ mi nínú fúláàtì wa nítòsí Tavy Bridge. Wọ́n wá bá wa tọ́ àwọn ìbejì wa, wọn ò sì padà sí Nàìjíríà. Nígbà òtútù, ọdún méjì lẹ́yìn ikú ọmọ wọn, mo ti iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan, mo bá wọn tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ń bú àwọn ará inú tẹlifíṣọ̀n. Ní ago mẹ́ta, wọn ò lè di ife tíì mú.

"Bàbá Ìbejì, bá mi mú oògùn ibà mi nínú dúrọ́ọ̀."

"Mummy, kì í ṣe ibà ẹ̀fọn."

Mo pe ilé dókítà. Wọ́n ní àwọn á pè mí padà. Kí wọ́n tó pè, Mummy ti pe ìjọ. Alàgbà dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́rùn, obìnrin kan tẹ̀ lé e. Páálí oògùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kí wa.

Mo dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ dá a padà sápò, sà."

"Kí lẹ wí?"

"Ká ní oṣù tó kọjá ni Mummy ti Nàìjíríà dé, èmi fúnra mi ni ǹ bá sáré gbé wọn lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ibà. Láti ọdún wo ni wọn ò ti débẹ̀? Ọ̀sán yìí ni wọ́n ń bá tẹlifíṣọ̀n jà. Fúlù ni. Ẹ dá a padà sápò!"

Obìnrin náà ní, "Ah-ah, Bàbá Ìbejì, Alàgbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Mo mọ̀. Àwọn náà ni mo dákẹ́ fún lọ́jọ́sí. Ìyàwó mi ti wà nínú ilẹ̀."

Alàgbà ní, "Ṣé ẹ̀sùn lẹ fi ń kàn mí?"

"Àwa méjèèjì ló kàn."

Ohùn mi ti ròkè débi pé aládùúgbò lu ògiri. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Mo da gbogbo oògùn ibà inú dúrọ́ọ̀ sínú àpò ọ̀rá, kí n lè kó o fún àwọn tó ń ta oògùn kí wọ́n bá mi dà á nù. Fóònù dún. Mo dáhùn ìbéèrè dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan, lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo sì gba oògùn tó kọ.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ mo ń ka èémí Mummy. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n po ògì wá. Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò mu ún. Wọ́n wò mí títí.

"Bàbá Ìbejì."

"Mà."

"Gbogbo ohun tí o sọ fún Alàgbà lọ́jọ́ yẹn, ṣé o ti mọ̀ ọ́n nígbà tọ́mọ mi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n dá abọ́ ògì náà padà fún mi, wọ́n sì kọjú sí ògiri. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ gbígbóná náà lọ́wọ́. Wọ́n ń mí dáadáa. Mo ṣì ń kà á.