Ẹni Tí Wọ́n Kà Mọ́ Ìpara

Nígbà kan, kò sẹ́ni tó mọ obì í kà tó Ìyá Títílọpẹ́ ní Ìpara. Ọwọ́ á máa kà, ẹnu á máa sọ̀rọ̀ ìlú, síbẹ̀ ẹyọ kan kò ní dín. Ó ti pẹ́ tó ti fi kíkà sílẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ló fi ń wọn obì báyìí, àwọn oníbàárà tí kò níbẹ̀rù Ọlọ́run sì ń rẹ́ ẹ jẹ. Ó mọ̀, ó kàn ń wò wọ́n ni.

Ìkànìyàn ọdún 2006 ló fà á. Láyé bàbá rẹ̀ àgbà, inú oko obì làwọn ọkùnrin ń sá sí bí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba òyìnbó fẹ́ ka èèyàn, torí ẹni tí wọ́n bá kà ló ń san owó orí. Nígbà tó máa fi kan tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà: wọ́n ní ìlú tí èèyàn rẹ̀ bá pọ̀ ni ìjọba yóò kọ́ ilé ìwòsàn fún. Ni kálukú bá ń pe ọmọ wálé. Òun náà pe Kọ́láwọlé, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì l'Ékòó. Ọmọ ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

“Ṣé Èkó ló bí ọ ni?” ni ìyá bi í.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ̀rín ló fi í rín.

Ọmọ gbà láti wá, ṣùgbọ́n àwọn akànìyàn ló ṣáájú rẹ̀ dé. Kọ́láwọlé ti pè pé òun ti wà ní Ṣàgámù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ mọ́ wa,” ni ìyá ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ẹni táwọn bá fojú rí làwọn ń kà. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi kọ ọ́. Wọn ò tíì kúrò ládùúgbò tí ìròyìn fi dé pé tírélà ti já lu ọkọ̀ tí ọmọ wọ̀. Ibẹ̀ ló kú sí.

Ilé ìwòsàn ọ̀hún ńkọ́? Ṣàgámù náà ni wọ́n ṣì ń gbé aláìsàn àdúgbò wọn lọ, ojú ọ̀nà kan náà. Ó ń dun ìyá yìí dé egungun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan, Modúpẹ́olúwa, wọlé tòun ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyé. À ń múra ìkànìyàn tuntun ni. Ẹni mélòó ló ń gbé ilé yìí?”

Títílọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó kù, fẹ́ dáhùn. Ìyá dá a dúró.

“Kí ẹ tó ka tuntun, ẹ yọ ẹnì kan kúrò nínú ti àtijọ́. Kọ́láwọlé lorúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kà á. Kò délé.”

Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀rọ, ó wo ìyá. “Ẹ má bínú, Ìyé. A ò lè yọ ọ́ mọ́.”

“Ó ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, mà.”

“A jẹ́ pé inú ìwé yín nìkan ló ti délé,” ni ìyá wí.