Họ́ọ̀nù Alùpùpù Olóògbé

Wáyà-kì-í-purọ́ ni wọ́n ń pe rewáyà ọ̀hún tó ń tún iná ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fa orúkọ náà. Bí o bá gbé ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí o ní bátìrì lo ń fura sí, á wò ọ́ tìkà-tẹ̀gbin, á ní: "Ìwọ lè purọ́, bátìrì lè purọ́. Wáyà kì í purọ́." Ó lẹ́nu burúkú, ká má tan ara wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ìyàwó rẹ̀ ní bó bá sùn pàápàá, ìka rẹ̀ á ṣì máa lọ́ wáyà lórí ìrọ̀rí.

Síbẹ̀, ohun kan wà tó ń bẹ̀rù bí ẹni ń bẹ̀rù ejò: alùpùpù àtijọ́ tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tírélà gbá àbúrò náà lórí alùpùpù yẹn, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ ní òun ò rí iná kankan lọ́ọ̀ọ́kán. Bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí rewáyà fúnra rẹ̀ so wáyà iná iwájú alùpùpù náà tó já. Gbogbo èèyàn ní àmúwá Ọlọ́run ni. Òun ò gbà. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti so wáyà méjì pọ̀, á tú u, á tún un so, á tún tú u, títí ọ̀rọ̀ á fi sú oníbàárà. Opó àbúrò rẹ̀ kò bú u rí, kò sì bá a sọ ju "ẹ ǹ lẹ́ o" lọ. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin náà ti dá òun lẹ́jọ́ tán.

Lọ́sàn-án òjò kan, ọmọ olóògbé, tó ti di ọmọge ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, ti alùpùpù náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ra bátìrì tuntun sí i, ó fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́.

"Bàbá, họ́ọ̀nù rẹ̀ ń dún fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, á sì dákẹ́. Bí Dádì ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ ní géètì gẹ́lẹ́. Màámi ní kí n gbé e kúrò nílé."

Kó tó sọ tán, họ́ọ̀nù dún. Píì-píì.

Yéè! Orí rewáyà wú. Àbúrò rẹ̀ gan-an ló dún yẹn. Díẹ̀ ló kù kó dáhùn pé "mò ń bọ̀," bó ti máa ń dáhùn tẹ́lẹ̀.

"Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì," ó wí.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní wáyà kì í purọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó pa Dádì mi. Bí kì í bá ṣe wáyà tí ẹ so, ẹ̀yin àti Màámi á lè jókòó sọ̀rọ̀. Bó bá sì jẹ́ òun ni, ká kúkú mọ̀."

Ẹ ò rí i pé ẹnu burúkú wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé yẹn! Ọkùnrin náà fa àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Ó yọ fíúsì, họ́ọ̀nù dákẹ́. Ó dá a padà, ó yí hándù sápá òsì, ó dún. Ó wá tọ wáyà bọ́tìnì họ́ọ̀nù wọnú irin hándù, ó rí ibi tí rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, tí bàbà ń kan irin bí omi òjò bá ti débẹ̀.

"Kì í ṣe òkú," ó wí. "Omi ni." Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni kò ṣàlàyé, ọmọ náà ò sì bi í.

Inú agolo iná iwájú ni wáyà yẹn gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni wáyà tó so lọ́jọ́sí wà. Agolo náà ti tẹ̀ wọnú látọjọ́ ìjàǹbá. Ó ṣí i, ó já téèpù dúdú kúrò. Òjé tó fi jó ojú ìsopọ̀ ṣì ń dán. Ó fà á, kò já. Ó fi gílóòbù àyẹ̀wò kàn án, gílóòbù tàn.

"Ó tàn! Bàbá, ó tàn!" Ọmọge ti ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màámi, wáyà Bàbá ò já o!"

Ṣùgbọ́n ojú rewáyà ti kúrò lára wáyà. Sùwíìṣì iná ló ń wò, lórí agolo. Irin tó tẹ̀ ti há a mọ́lẹ̀ pinpin. Kò sẹ́ni tó lè yí i láti ọjọ́ ìjàǹbá. Ó wà ní pípa.

Dáínámò tó ń fún bátìrì níná lára irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ò lágbára. Bí èèyàn bá ń rọra lọ tí iná ń tàn, bátìrì á kú, nítorí náà gbogbo rewáyà ìgbà yẹn máa ń sọ fún oníbàárà pé bí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú tán, kó pa iná, kí bátìrì lè mí. Òun náà sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, ó tún gbá a léjìká tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń bá wáyà jà, kò rántí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó lè dákẹ́ o. Ta ni ì bá mọ̀? Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ wà lórí fóònù, wọ́n ti dá a láre.

"Gbé e fún mi," ó wí, ó sì gba fóònù. "Ìyàwó wa, lóòótọ́ ni, wáyà ò já. Pípa ni iná wà. Èmi ni mo ní kó máa pa á. Èmi ni o."

Ọmọge fọwọ́ bo ẹnu. Rewáyà tẹ fóònù mọ́ etí nítorí òjò tó ń ró lórí páànù.

"Mo mọ̀," ìyá ọmọ dáhùn. "Ojú mi ló ṣe pa iná náà kó tó jáde. Mo ní ilẹ̀ mà ti ń ṣú. Ó ní Bọ̀ọ̀dá ní kí òun máa pa á."

"O mọ̀? Láti ọdún mọ́kànlá?"

"Mo rí iná ní pípa, Bọ̀ọ̀dá, mo sì ṣí géètì fún un. Ta ni mo fẹ́ bá sọ ọ́? Mo ń dúró kí ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín, kí èmi náà lè sọ tèmi."