Aṣọ Tí Kò Níwájú

Limota. Télọ̀ ni, ní Ìwàrọ̀-Ọ̀kà. Ẹni tó máa ń bú máṣíìnì rẹ̀ bí ẹni ń bú orogún. Ó ti rán aṣọ fún abuké, ó ti rán fún ọkùnrin tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Ó ní kò sí ara tí Ọlọ́run dá tí òun kò lè rán aṣọ fún.

Àfìgbà tí Muhsinah, ìyàwó Raheem ọmọ rẹ̀, bímọ sí ọsibítù kan ní Ìkàrẹ́. Ìbejì. Obìnrin méjèèjì. Àyà sí àyà, ikùn sí ikùn, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Èémí èyí tó kéré kì í já geere. Rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nímú ni wọ́n fi ń fún un ní wàrà. Ọsibítù ńlá tí wọ́n ti lè yà wọ́n jìnnà, òtútù kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gbé wọn débẹ̀. Lábẹ́ iná tí wọ́n fi ń mú wọn móoru, ara wọn á lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé wọn kúrò níbẹ̀ báyìí, wọ́n á tutù nini. Aṣọ tí wọ́n fi ń wé wọn kì í pẹ́ tú.

"Aṣọ lásán?" ni Limota wí. Ó gba Ọ̀kà lọ láti rán an.

Ó padà dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, aṣọ lọ́wọ́. Ọrùn méjì, apá mẹ́rin, bọ́tìnì róbótó níwájú. Nọ́ọ̀sì Naomi yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Mọ́mì, iwájú dà?"

"Ṣé o kò rí bọ́tìnì ni?"

"Iwájú àwọn ọmọ ni mò ń wí."

Limota wò wọ́n. Ibi tó yẹ kó jẹ́ iwájú gan-an ni wọ́n fi lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yìn méjì. Iwájú, òfo.

"Yéè! Gbogbo Ọ̀kà kò dójú tì mí, ọmọ ọmọ mi ló wá dójú tì mí!"

Muhsinah di ikùn mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ojú abẹ ń dùn mí."

Limota jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gbogbo rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti òwú. Ìlàjì lápá ọ̀tún, ìlàjì lápá òsì, kí méjèèjì pàdé lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Okùn dípò bọ́tìnì, kó má baà gún wọn. Ihò kékeré lọ́rùn tí rọ́bà wàrà máa gbà.

Wọ́n wọ̀ ọ́ fún wọn. Wọ́n pa iná tó ń mú wọn móoru. Raheem kò lè wò ó. Ó kọjú sí ògiri. Naomi wọn ìgbóná ara wọn. Ó dúró díẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó tún dúró.

"Wọn ò tutù," ló wí.

Dókítà fọwọ́ kàn wọ́n fúnra rẹ̀. "Ẹ pe dírẹ́bà."

Nígbà tí Raheem máa fi dé ìdí ọkọ̀, ìyá rẹ̀ ti jókòó sínú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀ ń bá wa lọ ni?"

"Wò ó, bí wọ́n bá yà wọ́n tán, ta ni yóò rán aṣọ méjì?"