Ojú Eékún Tí Kòníwó Dí

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bíríkìlà ni. Kòníwó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí tó bá ti mọ ògiri kan tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á ní, "Kò ní wó." Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, èjìká òun ló gbá bẹ́ẹ̀.

Kò lè rí kòtò kó má dí i. Tó bá wá kí yín, tí ilẹ̀ pálọ̀ yín bá jìn díẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dìde.

Òun náà ni olórí kíláàsì wa. Ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n pín wa sí kíláàsì kíláàsì. Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kíláàsì kọ̀ọ̀kan á jókòó ti olórí rẹ̀, olórí á sì bi kálukú léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe wà. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú kíláàsì tiwa, opó sì pọ̀ nínú wa. Tẹ́nìkan ò bá wá, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju ilé kíkọ́ lọ. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ wà, èyí táwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ fi amọ̀ àti òkúta kọ́. Ó ti wó tipẹ́, koríko ti bò ó. Ni àwọn awalẹ̀pìtàn bá dé, àwọn tó máa ń wa ilẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé. Wọ́n na okùn yí ibẹ̀ ká, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá erùpẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Wọ́n rí bọ́tìnnì, wọ́n rí àfọ́kù síléètì, títí wọ́n fi kan ilẹ̀ amọ̀ tí àwọn ará àtijọ́ lù. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀.

Ni Alága bá ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi. Alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ni mò ń wí, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ń fọ àwọn ife ìsìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ bí ọmọdé ni Alága ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

"Kòníwó, àlejò ń bọ̀ láti olú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ilẹ̀ àtijọ́ yẹn rí gbágungbàgun. Lọ bá mi tẹ́ ẹ."

"Ṣé ẹ ò ní ká dúró de àwọn tó wà á, sà?"

"Àwa la ni ilẹ̀ àbí àwọn? Dí i, jàre."

Ẹ ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ dí kòtò. Ó po sìmẹ́ńtì, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kòtò kéékèèké kan tò sórí ìlà níwájú ibi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀, méjì méjì. Ó ti dí méjì, ó ń dí ìkẹta lọ́wọ́, nígbà tí ọmọbìnrin kan nínú àwọn awalẹ̀pìtàn dé. Òjò ló ṣú, ó wá wo ọ̀rá tí wọ́n fi bo ilẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ dí?"

"Kòtò ni, ọmọ mi."

"Ojú eékún ni, sà. Ibi tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nìyẹn. Eékún wọn ló jẹ ilẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ṣíbí ìrẹ́lé rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá tó bí ìyá wa ti kúnlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ò jiyàn, kò sì sọ pé wọ́n rán òun. Ó wá irin tín-ín-rín kan, ó dojú bolẹ̀, òun àti ọmọbìnrin náà ń họ sìmẹ́ńtì kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìkẹta yọ láìfarapa. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ti di amọ̀ mú nínú méjì àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá fà á, ilẹ̀ á bá a lọ. Wọ́n fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, olórí àwọn àlejò béèrè ohun tó dé tí méjì fi di sìmẹ́ńtì.

"Bíríkìlà wa ni, sà," Alága fèsì. "Kò mọ̀wé. A ti yọ ọ́ nípò olórí kíláàsì."

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó tẹ ojú mọ́ bàtà rẹ̀. Èmi ò lè tẹ ojú mọ́ tèmi.

"Alága, ta ni mo gbọ́ tó ní, 'Dí i, jàre'?"

"Arábìnrin, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀."

"Mo ti lọ́mọ ọmọ, sà. Ìgbà wo ni n ó wá dàgbà?"

Àlejò wúkọ́. Gbogbo ìgbìmọ̀, tí wọ́n mọ òótọ́, ń wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ó ń jò. Wọ́n ní ká lọ ya fọ́tò.

Àbúrò ìyàwó Alága ni wọ́n fi jẹ olórí kíláàsì wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sí igun wa, òun nìkan. Àwa ti gbé àpótí wa lọ sí fàráńdà ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀ wá. "Ẹ má fi mí dá ìjà sílẹ̀."

Màmá tó dàgbà jù nínú àwọn opó ní, "A ò bá ẹnì kankan jà. Kíláàsì la wá ṣe. Bi mí bí ọkàn mi ṣe wà."

Ẹ̀gbọ́n mi fa àpótí kan, ó jókòó. "Màmá, báwo lọkàn yín?"

"Ó ń gbóná."

Ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí Alága rán sí wa ti dé, ó dúró lẹ́nu géètì. A ní kó sọ fún un pé a wà ní kíláàsì. Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tó kàn mí.

"Àbúrò mi, ọkàn tìẹ ńkọ́?"

Mo wo ìránṣẹ́ Alága lẹ́nu géètì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fò mí dá.