Ẹni Tí Mo Ń Gbé Àníyàn Mi Fún

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkọ̀lé, mi ò lè kúrò nílé láìpadà wo kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìlúpéjú ni mò ń gbé, nínú ilé bàbá mi, èmi àti àbúrò ìyá bàbá mi, àgbàlagbà obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà. Màá ti yàrá mi pa, màá dé ẹ̀bá títì níbi tí ọlọ́kadà ti ń dúró dè mí, màá sì tún sáré padà lọ fa ilẹ̀kùn náà wò. Bí ilẹ̀kùn bá ti dá mi lójú, ó ku sítóòfù. Màá fọwọ́ kan sítóòfù tó ti tutù, màá tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ọwọ́ àkọ́kọ́ purọ́. Ọlọ́kadà náà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, ẹ kúkú máa gbé sítóòfù yẹn dání." Mo bínú sí i gan-an, nítorí pé èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tó ń wò mí lókèèrè lè rẹ́rìn-ín. Nínú ara mi, kò pa èèyàn lẹ́rìn-ín rárá. Bí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, àyà mi á máa lù bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré gun òkè, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ á sá lọ. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá ránṣẹ́ pè mí, kí n tó dé ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n á ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkàn mi, màá ti kó ẹrù mi, màá ti máa ṣàlàyé fún ìyá mi. Ó sì lè jẹ́ ṣọ́ọ̀kì ló fẹ́ kí n bá òun mú wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Èkó, fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, nítorí náà gbogbo ọ̀kadà tó bá dín eré kù níwájú ilé wa, ìròyìn ikú ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé bọ̀ lójú tèmi.

Mo lọ rí dókítà. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó gbọ́ àyà mi, ó ní kò sóhun tó ṣe mí, ó fún mi ní fítámìn, ó sì ní kí n má máa ronú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé kí èèyàn má ronú ló dára? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kò sọ fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn alábẹ̀wò láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ wá wo bí a ṣe ń kọ́ni ni ọ̀rọ̀ èmi àti Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Èmi ń wọlé, mò ń jáde.

"Kí ló ṣe ọ́ tí ò ń rìn káàkiri bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí?" ni Ìyá Àgbà bi mí.

Mo sọ fún wọn pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, pé àyà mi ń já, pé bóyá kí n kúkú sọ pé ara mi ò yá.

Ìyá Àgbà gbọn èèpo ẹ̀gúsí dànù lórí ìró wọn. "Gbé e fún mi."

"Kí ni kí n gbé fún yín, Ìyá?"

"Àníyàn náà. Mi ò ní uṣẹ́ kankan lónìí ju ẹ̀gúsí yìí lọ. Ìwọ lọ ṣe uṣẹ́ rẹ. Èmi á jókòó sí ulé, èmi á bá ọ ṣe é."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí agbẹjọ́rò. "Àwọn tó ń bọ̀ yẹn, kí ni wọ́n máa ṣe fún ọ? Ṣé wọ́n á bú ọ ni àbí wọ́n á lé ọ? Lójú gbogbo ọmọ ni àbí ní kọ̀rọ̀? Sọ ọ́ dáadáa, kí n má lọ máa ro ohun tí kì í ṣe tìrẹ." Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Mo ti gbà á. Kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́ o. Bí o bá tún lọ ń rò ó lọ́nà, o fojú di mí nìyẹn."

Lórí ọ̀kadà, èrò náà yọ orí. Ojú tì mí. Mo rí obìnrin arúgbó náà lójú ọkàn mi, tó ń bá mi ṣe wàhálà tó yẹ kí n ṣe, mo sì yára ro nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, aládùúgbò wa pàdé mi lójú ọ̀nà, ó ní ṣé kò sí o, pé Ìyá Àgbà kò fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀, pé wọ́n kàn ń lọ wo ojú títì, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Mo bá wọn lórí àpótí, ó ti rẹ̀ wọ́n.

"Mo rò ó," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo rò ó dé ibi tí wọ́n ti ń fa ìwé rẹ ya lójú àwọn ọmọ. Ó burú. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe sí ọ?"

Mo ní àwọn alábẹ̀wò náà kò dé kíláàsì mi rárá.

"Há! Mo mà febi panú lásán o!" Wọ́n ní kí n lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Láràárọ̀, kí n tó jáde, màá dúró níwájú àpótí Ìyá Àgbà, màá gbé ẹyọ kan kalẹ̀. Ẹyọ kan péré ni wọ́n ń gbà lójúmọ́. Wọ́n ní àgbà ti dé, ọkàn àwọn kò lè gbé méjì. Wọn kì í fi ṣeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ojú títì ni wọ́n ń kọjú sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ sítóòfù, wọ́n á gbé àpótí wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n á máa gbóòórùn ẹ̀fín tí kò sí. Àwọn aládùúgbò gbọ́, àwọn náà ń bọ̀. Ìyàwó ilé kejì gbé ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ọmọ rẹ̀ wá. Ọ̀gbẹ́ni kan tí oko rẹ̀ kún fún koríko wá sọ pé ẹ̀rù ń ba òun pé iṣu òun kò ní ta. Ìyá Àgbà wò ó látòkè délẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe àníyàn. Uṣẹ́ nìyẹn. Gbé ọkọ́ rẹ, kí o lọ ro ó." Wọn ò gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ èmi náà. Bí mo bá gbé ìwé ìdánwò tí mi ò tíì máàkì wá, wọ́n á ní kí n gbé e kúrò níwájú àwọn.

Mo rò pé ẹni tí ẹ̀rù kì í bà ló lè máa ṣe báyìí. Mo sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ kan. Ìyá Àgbà wò mí bíi pé mo sọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

"Dírẹ́bà lọ́rì ni ọkọ wa," ni wọ́n wí. "Kòkó ló ń kó lọ sí Ìbàdàn. Bó bá ti lọ, èmi àti ìyálé mi kì í jẹun, a kì í ṣiṣẹ́, ọ̀nà la kàn ń wò. Oko ń bàjẹ́. Ọjọ́ kan ni ìyálé mi bi mí pé kí ló dé tí àwa méjèèjì fi ń ṣe uṣẹ́ ẹnì kan. Ṣebí a máa ń pín ọjọ́ tí a fi ń dáná fún un? Bá a ṣe pín ìyẹn náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tèmi, èmi á wo ọ̀nà, ìyálé mi á lọ sóko, á máa kọrin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di tirẹ̀, èmi náà á gba ọjà lọ."

Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọjọ́ tí lọ́rì náà dojú dé, ọjọ́ tèmi kọ́. Mo wà lọ́jà Ọyẹ́, mò ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ìyálé mi wà ní ulé, ó ti ń kẹ́dùn láti àárọ̀. Ọkùnrin náà kú. Ẹ̀rín mi kọ́ ló pa á. Ẹ̀dùn ìyálé mi kò sì gbà á sílẹ̀."

Mo bi wọ́n pé kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń bá èèyàn ṣe é, nígbà tí kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà la fi pín in," ni Ìyá Àgbà dá mi lóhùn. "Nínú ọdún mẹ́fà yẹn, ìdajì ọjọ́ jẹ́ tèmi. Ta ló tún fún mi ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí?"

Mo ti pàdé àwọn ọ̀mọ̀wé, mo ti jókòó lábẹ́ ìwàásù tó gùn, ṣùgbọ́n títí di òní mi ò tíì rí ẹni tó jọ mí lójú tó obìnrin yẹn, pẹ̀lú èèpo ẹ̀gúsí lórí ìró rẹ̀.

Ọdún kẹta tí mo ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni mo tó mọ̀ pé ojú Ìyá Àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Wọ́n mọ ilé náà débi pé wọn kì í kọsẹ̀, wọ́n sì mọ ìrìn ẹsẹ̀ gbogbo wa. Ọjọ́ tí wọ́n kí kóòtù òjò mi tó wà lórí àga pé "Kú àbọ̀, ọmọ mi" ni àṣírí tú. Mo gbé wọn lọ sí ọsíbítù ní Ìdó. Dókítà ojú ní ti ọ̀tún ti lọ, kò sí àtúnṣe. Ti òsì ni nǹkan funfun bò, bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ṣeé ṣe kó ríran. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ó lè bá ti ọ̀tún lọ. Ó dá ọjọ́ fún wa.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọkọ̀ wa dé Ìfàkì, Ìyá Àgbà ní àwọn fẹ́ tọ̀. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Kí n tó yí ojú padà, wọ́n ti na ọwọ́ dá ọkọ̀ mìíràn dúró, èyí tó ń padà sí Ọyẹ́. Dókítà dá ọjọ́ kejì. Ìyẹn bọ́ sí ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé tí wọn ò lọ láti ọdún tó kọjá. Ó wá ku ọjọ́ kẹta, dókítà sì ti sọ fún mi pé ó kù díẹ̀ kó pẹ́ jù.

Inú bí mi. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú àpótí wọn. "Ìyá, ẹ gbé e fún mi."

"Ìwọ?" Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí sítóòfù ń dẹ́rù bà?"

"Àníyàn gan-an ni mo mọ̀ ọ́n ṣe," mo fèsì. "Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ ní gbogbo ìlú yìí? Ẹ sọ ọ́ dáadáa, kí n má lọ máa ro ohun tí kì í ṣe tiyín. Ṣé ọ̀bẹ ni?"

Ẹ̀rín náà lọ kúrò lójú wọn. "Kì í ṣe ọ̀bẹ. Nísinsìnyí, bí mo bá jí, tí gbogbo ulé ṣú, mo lè sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá ṣe é, màá ríran. Bí wọ́n bá wá ṣe é, tí wọ́n tú aṣọ náà, tó ṣì ṣú, kí ni màá máa sọ fún ara mi?"

Ó wọ̀ mí lára. Mo ní mo ti gbà á. Mo ní kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Mo sì ṣe é bó ṣe yẹ. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, tí wọ́n gbé Ìyá Àgbà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Ìyá fúnra wọn ń fi imú kọ orin ìyìn bí ẹni tó ń lọ kí ọmọ tuntun. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn òde, mi ò jẹ, mi ò mu, mò ń ro òkùnkùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rò ó bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò fi tèmi kún un. Mi ò rántí kọ́kọ́rọ́ tàbí sítóòfù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì wá tú báńdéèjì náà, mo sì di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

Ìyá Àgbà ṣẹ́jú. Omi dà jáde. Wọ́n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wo nọ́ọ̀sì náà, wọ́n ní aṣọ rẹ̀ mà funfun o. Mo fẹ́ pariwo. Wọ́n wá yí orí sí ọ̀dọ̀ mi, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín, mò ń retí kí wọ́n yọ̀. Wọn ò yọ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ abẹ́ ojú mi, wọ́n tọ iwájú orí mi níbi tó ti hun jọ.

"Ṣé báyìí ni ojú rẹ ti ń rí?"

Mo ní kò sí nǹkan, pé àníyàn ọjọ́ méjì tí mo bá wọn ṣe ni, pé mi ò tíì jẹun.

"Èyí kì í ṣe ti ọjọ́ méjì." Ọwọ́ wọn kò kúrò lójú mi. "Èmi rò pé gbogbo rẹ̀ lò ń gbé fún mi láràárọ̀. Àṣé díẹ̀ lò ń bù fún mi."

Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n ojú kan tó kù fún wọn náà ń wò mí, ó sì mọ́. Mo bú sẹ́kún níwájú nọ́ọ̀sì àti gbogbo àwọn aláìsàn tó wà nínú yàrá náà. Ìyá Àgbà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Kó gbogbo rẹ̀ wá. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré."

Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀.