Ìran Tí Ẹnì Kankan Kò Rí

Ọkọ mi ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá. Tó bá di ká tú u, kò sí ẹni tó yára tó o. Àtidì í padà ni wàhálà. Á tú mẹ́rin sílẹ̀ láàárọ̀, á ní òun ń lọ ra wáyà, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tún rí i. Tí mo bá rán an ní iyọ̀, búrẹ́dì ló máa gbé wálé. Mo pè é ní oníranù, mo pè é ní alábẹ̀rẹ̀-má-parí. Ẹnu mi mú ju abẹ lọ nígbà yẹn.

Ibì kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbà, ìjọ aláṣọ funfun. Iṣẹ́ kì í tán níbẹ̀: á gbálẹ̀, á pọnmi, á tan àbẹ́là, á lu agogo. Tó bá ti wọ sùtánà, tó bọ́ bàtà sílẹ̀, ẹ̀yin náà á rò pé ẹlòmíì ni.

Ọtí ni mi ò lè fara mọ́. Ó máa ń yà mu ògógóró ní Okókomáìkò kó tó wálé. Lọ́jọ́ tí mo gbéná wojú rẹ̀, ó ní, "Orí mi kì í dákẹ́. Ó dà bíi kí rédíò mẹ́wàá máa sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Tí mo bá mu ún, á dákẹ́ díẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí ọ̀mùtí tí kì í ní àlàyé.

Nígbà tó sú mi, mo yọ́ lọ bá àgbà ìjọ wa, mo sọ ọ̀rọ̀ ọtí náà fún wọn. Mo ní kí wọ́n gba sùtánà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, bóyá ìtìjú á jẹ́ kó jáwọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ mi, wọn ò sì dárúkọ mi. Wọ́n kàn pè é síwájú lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní àwọn ti mọ ohun tó ń mu, kó bọ́ aṣọ.

Nínú ìjọ wa, tí àgbà bá mọ ohun tó pa mọ́, Ẹ̀mí ló fi hàn wọ́n. Ohun tí ọkọ mi gbà nìyẹn. Ó délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló rí òun, tó sì lé òun. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo wọ kíṣìnì lọ. Ojú ń tì mí, inú mi sì tún ń dùn díẹ̀ pé ẹ̀rù bà á. Ẹ wo irú ìwà.

Oṣù mẹ́ta pé, kò padà. Àgbà ìjọ wá sílé, wọ́n ní àyè rẹ̀ ṣì wà. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run bá lé, èèyàn ò lè gbà á padà. Tí èmi bá lọ sí ìsìn ní Sọ́ńdè, ọtí ló ń bá a gbélé. Ọdún méjì ló fi mu ún bẹ́ẹ̀, títí ikùn rẹ̀ fi wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti oníbà pọ́njú.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan jókòó tì í, ó bi í léèrè ìgbà èwe rẹ̀: ṣé ó máa ń lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì, ṣé nǹkan máa ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣé ó máa ń parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo dáhùn èyí tó pọ̀ jù, torí èébú tí mo fi ń bú u ni gbogbo wọn. Dókítà ní ADHD ni wọ́n ń pè é, pé inú ọpọlọ ló wà, wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ó ní ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní i tí wọn ò mọ̀, tí àwọn kan sì ń fi ọtí wá ìsinmi. Ó ní tí àwọn bá ti tọ́jú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìtọ́jú wà fún ìyẹn náà.

Ọkọ mi sunkún. Nígbà tí dókítà lọ tán, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó mi, ṣé Ọlọ́run mọ̀ pé àìsàn ni nígbà tó tú àṣírí mi?"

Ọ̀rọ̀ dé ètè mi. Èmi ni mo tú àṣírí yẹn, Ọlọ́run ò sọ nǹkan kan fún ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ tó fi dì mí mú, ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, á já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Dádì, ẹ sinmi," ni mo wí. "Tá a bá délé, a máa sọ ọ́."

A ò jọ délé. Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó ṣì gbà pé Ọlọ́run ló fẹjọ́ òun sùn.