Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Ojúgun Quirin

Ní abúlé Dohrscheid ní ilẹ̀ Jámánì, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ pé àwọn dókítà ti rán ròsárì mọ́ inú ẹsẹ̀ Quirin Esch tó ń kan òrùlé. Ìyá Walburga, aládùúgbò rẹ̀, tiẹ̀ búra pé ròsárì náà ń dá àdúrà gbà, ó sì yára ju fádà lọ.

Irọ́ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ni Quirin ti já bọ́. Wọ́n fi irin de ojúgun rẹ̀ tó kán, ṣùgbọ́n ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọyún. Dókítà yọ irin náà, ó ha eegun tó ti jẹrà kúrò, ó sì to ọgbọ̀n ìlẹ̀kẹ̀ sínú ihò rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí àwọn dókítà fi ń tún eegun ṣe ni wọ́n, tí wọ́n po oògùn apakòkòrò mọ́, kí oògùn lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sára eegun gan-an, níbi tí abẹ́rẹ́ kò ti lágbára tó. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yọrí síta lára awọ, torí níkọ̀ọ̀kan ni wọn yóò máa fà wọ́n jáde lójoojúmọ́.

Dókítà ò fi bò fún un: bí ọyún bá padà, gígé ni, lábẹ́ orúnkún. Quirin ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé ju orí òrùlé lọ. Láràárọ̀ ló ń gbóòórùn báńdéèjì rẹ̀ bí ajá ọlọ́pàá. Ó ń bẹ nọ́ọ̀sì kó wọn ìgbóná ara òun títí nọ́ọ̀sì fi bi í bóyá búrẹ́dì ni àwọn jọ ń yan. Bí ẹsẹ̀ bá yún un, àyà rẹ̀ á já. Bí kò bá yún un, á tún já.

Fọ́tò eegun rẹ̀ ni Ìyá Walburga rí nígbà tó wá kí i: ìlẹ̀kẹ̀ rẹrẹ lórí okùn, ló bá lọ sọ fún gbogbo abúlé pé ròsárì ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin mọ́kànlá wọ bọ́ọ̀sì wá sí ọsibítù pẹ̀lú àbẹ́là. Bí wọ́n ṣe máa ń tò láti fẹnu ko eegun ẹni mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe tò síwájú bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì ti lọ jẹun. Kí Quirin tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Walburga ti tú báńdéèjì, ó ti na ètè, imú rẹ̀ sì ń ṣàn nítorí ọ̀fìnkìn.

Quirin fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìyá Walburga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹnu yín kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe ròsárì. Oògùn ló wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó yà á sí mímọ́. Dókítà tó kó o síbẹ̀ gan-an kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin ìyá mi. Bí ìdọ̀tí bá wọ ibẹ̀, wọ́n á gé e. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbàdúrà fún mi, ẹ lọ fọwọ́, kẹ́ ẹ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn gbà á.”